Ta Ni Ìní Jọ?

Bí ẹ bá dé Ìlọ́bù tí ẹ béèrè Tọ̀yìbátù, wọn á bi yín pé Tọ̀yìbátù wo. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ní Tọ̀yìbátù ẹlẹ́rọ ata, ọmọdé tí ikun ṣì ń yọ nímú rẹ̀ á fà yín lọ́wọ́ débẹ̀. Èmi ni télọ̀ tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tirẹ̀. Ẹgbẹ́ ni wá, agbo ilé kan náà la ti ṣe kékeré, nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má wulẹ̀ jókòó síbì kan kó máa sọ ìtàn Tọ̀yìbátù fún mi. Èmi ni mo ni ìtàn yẹn. Àwọn tó ń sọ ọ́ kiri ìlú, ìdajì ni wọ́n gbọ́, iyọ̀ ni wọ́n sì fi sí ìdajì tó kù.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ irú ẹ̀dá tó jẹ́. Tọ̀yìbátù ń lọ ata fún gbogbo àdúgbò, bẹ́ẹ̀ kò sí ohun tó kórìíra tó ariwo. Òwú ló máa ń dì sétí kó tó tan ẹ̀rọ. Mo bi í lọ́jọ́ kan pé, "Ìwọ Tọ̀yìbátù yìí, nígbà tó o mọ̀ pé ara rẹ ò gba ariwo, kí ló gbé ẹ dé ìdí ẹ̀rọ ata?" Ó ní bí ẹ̀rọ bá ti ń ké, kò sẹ́ni tó lè máa bá òun sọ ìsọkúsọ. Mo ní, "Ṣé èmi lò ń bá wí?" Ó ní, "Bẹ́ẹ̀ ni." Kò rẹ́rìn-ín, kò sì wojú mi. Bó ṣe máa ń sọ̀rọ̀ nìyẹn. Ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n á rò pé ó ń wá ìjà, ṣùgbọ́n kò mọ bí wọ́n ṣe ń wá ìjà rárá. Ohun tó bá wà nínú rẹ̀ ló ń sọ.

Àwọn oníbàárà á to abọ́ ata wọn sílẹ̀ bí wọ́n bá ṣe dé. Kò sẹ́ni tó ń fi àmì sí tirẹ̀, nítorí Tọ̀yìbátù mọ abọ́ olúkúlùkù, ó mọ ata tó wà nínú rẹ̀, ó sì mọ̀ bóyá o ti dín rodo kù torí pé rodo ti wọ́n lọ́jà. Ṣùgbọ́n má fọwọ́ kan ìlà abọ́ yẹn o. Obìnrin kan dé lọ́dún Iléyá, ìkánjú ń ṣe é, ó bá rọra fẹsẹ̀ ti abọ́ tirẹ̀ síwájú. Háà! Tọ̀yìbátù pa ẹ̀rọ, ó yọ òwú létí, ó tún gbogbo abọ́ tò láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, ó wá gbé ti obìnrin náà lé e lọ́wọ́ pé kó máa gbé e lọ sí Ẹ̀rìn-Ọ̀ṣun, pé wọ́n ní ẹ̀rọ níbẹ̀. Obìnrin náà ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú." Tọ̀yìbátù ní òun ò bínú, Ẹ̀rìn-Ọ̀ṣun ò kúkú jìnnà.

Ọmọ́wùnmí ni ọmọbìnrin kan ṣoṣo tó bí. Ọmọ náà lọ ń ṣiṣẹ́ ní Òṣogbo, níbi tí wọ́n ti ń tún fóònù ṣe, ibẹ̀ ló ti pàdé Irewọlé, oníwáyà iná, ọmọ Ìfọ́n. Ìlọ́bù àti Ìfọ́n kò jìnnà síra, kí ìdí rẹ tó móoru lórí ọ̀kadà, o ti dé. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ilẹ̀ wà láàárín wa. Mi ò ní í fẹnu kàn án jù báyìí lọ, torí omijé tó ti bá a lọ kò tíì gbẹ tán. Ìfẹ́ ní tirẹ̀ kì í béèrè ibi tí ààlà gbà. Àwọn ọmọ méjèèjì ti rí ara wọn, ó parí.

Àṣà wa ni pé ìdílé kì í fọ́jú fọmọ fọ́kọ. Ẹ ní láti wádìí ilé ọkọ wò: ṣé kò sí wèrè níbẹ̀, ṣé kò sí wárápá, ṣé wọn kì í jalè? Tọ̀yìbátù ò rán alárinà, ó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ lọ sí Ìfọ́n. Ẹ sì mọ àwa náà: bí àlejò bá wá ṣèwádìí aládùúgbò ẹni, ìyìn la máa ń bù fún un. Ẹni tó bá la ẹnu tú àṣírí ilé kejì kí ìgbéyàwó ọmọ ọlọ́mọ lè bàjẹ́, ìkà ni, gbogbo àdúgbò á sì mọ̀ ọ́n ní ìkà. Nítorí náà ìyìn ni Tọ̀yìbátù kó bọ̀. Ó ní ilé náà mọ́ tónítóní. A ṣe ìyàwó, a jẹ, a mu, èmi ni mo sì rán gbogbo aṣọ wọn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n fúngun mọ́ àwọn kan lára. Wọ́n ti sanra lẹ́yìn ìgbà tí mo wọ̀n wọ́n ni, ẹ̀bi tiwọn ni.

Kò pẹ́ tí Ọmọ́wùnmí fi bí Ìníolúwa, tí à ń pè ní Ìní. Ọmọ náà rẹwà, ẹ wò ó, ẹ ò ní fẹ́ gbójú kúrò lára rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ń pe "màámi, màámi" kiri, Ìní ò pe ẹnikẹ́ni. Bí o pè é, kò ní wò ọ́. Bí ọbẹ̀ bá kan ìrẹsì nínú abọ́ rẹ̀, a ò ní sinmi ẹkún ní ilé yẹn. Bí ìró kan bá dún lójijì, á fi ọwọ́ méjèèjì bo etí, á sì wọ abẹ́ tábìlì. Ìdérí ìgò ọtí ẹlẹ́rìndòdò nìkan lọ̀rẹ́ rẹ̀. Á tò wọ́n sílẹ̀ gbọọrọ, pupa pẹ̀lú pupa, aláwọ̀ ewé pẹ̀lú aláwọ̀ ewé, láti ẹnu ọ̀nà dé ìdí ògiri. Ó wá di ọmọ ọdún márùn-ún, bákan náà ni.

Ni ogun bá bẹ̀rẹ̀. Mọ́ládùn, ìyá Irewọlé, ń ta epo pupa ní Ìfọ́n. Tó bá sọ̀rọ̀ ní Ìfọ́n, ẹni tó wà ní Ìlọ́bù lè dá a lóhùn. Ó ní òun mọ ohun tó fà á: ariwo ẹ̀rọ ata ni. Ó ní nígbà tí Ọmọ́wùnmí lóyún, ṣebí ìdí ẹ̀rọ ìyá rẹ̀ ló máa ń jókòó sí ní gbogbo òpin ọ̀sẹ̀, ariwo ló wọ ọmọ náà létí nínú oyún tó fi dákẹ́ jẹ́ẹ́. Nígbà tí ọ̀rọ̀ yìí dé etí Tọ̀yìbátù, ó ní, "Gbogbo aboyún Ìlọ́bù ló ń dúró ti ẹ̀rọ mi. Kí ló dé tí àwọn ọmọ Ìlọ́bù ò dákẹ́? Ì bá dára kí wọ́n dákẹ́ díẹ̀!" Òun ní tirẹ̀ ní inú ẹ̀jẹ̀ àwọn ará Ìfọ́n ni nǹkan náà ti wá. Àwọn aráàlú náà ò gbẹ́yìn o. Ẹnì kan ní abẹ́rẹ́ àjẹsára ni. Ẹnì kan ní indómì tí Ọmọ́wùnmí jẹ nígbà oyún ni. Ẹnì kan ní ó rìn lóòrùn ọ̀sán gangan. Ẹlẹ́kọ wa ní fóònù ni, bẹ́ẹ̀ fóònù tí òun náà ń fi sọ ọ́ kò jìnnà sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀.

Irewọlé àti ìyàwó rẹ̀ mú ọmọ lọ sí ilé ìwòsàn ní Òṣogbo. Àwọn ìyá méjèèjì ní àwọn ò ní í jókòó sílé, èmi náà sì tẹ̀lé Tọ̀yìbátù torí pé ó yẹ kí ẹni tó lórí pípé wà níbẹ̀. Dókítà tó dá wa lóhùn, Aishat lorúkọ rẹ̀, ọmọbìnrin jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ kan tó wé híjáàbù. A lọ, a bọ̀, a tún lọ, ó bá Ìní ṣeré lórí ilẹ̀, ó wo bó ṣe ń to ìdérí, ó bi bàbá àti ìyá ní ìbéèrè títí. Lẹ́yìn náà ló ní ọ́tísìmù ni wọ́n ń pè é, pé bí ọpọlọ ọmọ náà ṣe ń gba nǹkan wọlé ló yàtọ̀ sí ti ọ̀pọ̀ èèyàn. Ó ní kì í ṣe wèrè, kì í ṣe èpè, kò sì sí ẹni tó fi ṣe é.

Tọ̀yìbátù ní, "Dókítà, ọ̀dọ̀ ta ló ti wá?"

Ìyá Irewọlé ní, "Ẹ sọ ọ́ sókè o, kí gbogbo wa gbọ́."

Aishat wò wọ́n lọ, ó wò wọ́n bọ̀. "Ẹ̀yin màmá mi, a ò wá dájọ́ níbí." Ó wá ń ṣàlàyé pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ó ní èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀, àjogúnbá ni, ó wà nínú ohun kéékèèké tí wọ́n ń pè ní jíìnì. Kì í ṣe ẹyọ kan o, ọ̀pọ̀ ni, díẹ̀ láti ọ̀dọ̀ bàbá, díẹ̀ láti ọ̀dọ̀ ìyá, tí wọ́n wá pàdé lára ọmọ. Nígbà mìíràn ó lè jẹ́ tuntun, tí kò sí lára bàbá, tí kò sí lára ìyá, tó kàn ṣẹ̀ṣẹ̀ yọjú. Ó ní àwọn nǹkan kan tún wà láti ìta tó lè kún un nígbà oyún: bí àwọn òbí bá ti dàgbà díẹ̀ kí wọ́n tó bímọ, bí àìsàn líle bá kọlu aboyún, bó bá lo irú oògùn wárápá kan, bí ọmọ bá dé kí oṣù rẹ̀ tó pé. Ó ní kò sí ọ̀kan nínú wọn téèyàn lè nawọ́ sí pé òun nìkan ló fà á, àwọn onímọ̀ ṣì ń wádìí lọ. "Ṣùgbọ́n abẹ́rẹ́ àjẹsára kọ́. Indómì kọ́. Oòrùn ọ̀sán kọ́."

"Ẹ̀rọ ata ńkọ́?" Ìyá Irewọlé béèrè.

"Ẹ̀rọ ata kọ́, màmá."

Tọ̀yìbátù tún gèlè rẹ̀ wé. Dókítà yíjú sí i, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní, "Màmá, mo gbọ́ pé ata lẹ ń lọ̀. Bí tòmátò ẹnì kan bá ti pàdé tàtàṣé ẹlòmíràn nínú ẹ̀rọ, ṣé ẹ lè yà wọ́n sọ́tọ̀ mọ́?"

"Mo lè ṣe é," Tọ̀yìbátù dáhùn.

Ẹ̀kọ́ tó fẹ́ fi kọ́ wa parí síbẹ̀.

A ò tíì jáde ní Òṣogbo tí olúkúlùkù ti mú ìdajì tó wù ú. Tọ̀yìbátù ní, "Ṣé ẹ gbọ́ ọ? Ó ní láti ọ̀dọ̀ bàbá." Ìyá Irewọlé ní, "Ọ̀dọ̀ ìyá ni mo gbọ́ ní tèmi. Ó sì ní nǹkan ìta lè kún un. Àbí inú yàrá ni ẹ ń gbé ẹ̀rọ ata sí?" Ọmọ́wùnmí jókòó sáàárín wọn nínú ọkọ̀, ó gbé ọmọ lé ẹsẹ̀.

Bó bá ṣe pé ẹnu lásán ni, à bá fi rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n Ọmọ́wùnmí tún ti lóyún. Ni Ìyá Irewọlé bá fọhùn pé òun ò lè jókòó kí ọmọ kejì tún wá dákẹ́ mọ́ òun lójú. Ó ní kí ẹbí péjọ sí Ìfọ́n lọ́jọ́ Àìkú, kí wọ́n sọ ìdílé tí ọ̀rọ̀ náà ti wá. Bó bá jẹ́ ti Ìlọ́bù, kí Ọmọ́wùnmí palẹ̀ ẹrù rẹ̀ mọ́, kó máa lọ sílé ìyá rẹ̀, kí Irewọlé fẹ́ ẹlòmíràn. Irewọlé ńkọ́? Ọkùnrin tó ń gun òpó iná láìbẹ̀rù, kò lè gbójú sókè wo ìyá rẹ̀. Orí mi gbóná, ọpẹ́lọpẹ́ pé kì í ṣe ọmọ mi.

Ọmọ́wùnmí wá bá wa, ó jókòó sórí àpò àjákù aṣọ ní ṣọ́ọ̀bù mi, ó sunkún títí ojú rẹ̀ fi wú. "Màámi, mo fẹ́ràn ọkọ mi. Mi ò fẹ́ kúrò nílé mi." Tọ̀yìbátù kò dì mọ́ ọn, kì í dì mọ́ èèyàn. Ó dìde, ó lọ ń to abọ́, bẹ́ẹ̀ kò sí ata kankan nínú wọn. Nígbà tí ọmọ lọ tán, ó ní, "Ẹ̀rù ń bà mí. Bí wọ́n bá dá a padà nítorí mi, kí ni màá sọ fún un?" N kò tíì gbọ́ kó sọ pé ẹ̀rù ń ba òun rí. Mo ní, "Wọn ò ní í dá a padà. Ìwádìí ni wọ́n fẹ́? Àwa náà mọ ìwádìí í ṣe."

A kọ́kọ́ lọ káàkiri àdúgbò. A bẹ onígi ìdáná, a bẹ ìyàwó lémọ́ọ̀mù, a dé ọ̀dọ̀ Ìyá Àgbà Àyànkẹ́mi ní agbo ilé wa, ẹni tó ti dàgbà ju gbogbo wa lọ tó sì rántí gbogbo nǹkan. Mo ní, "Bí ẹnikẹ́ni bá ti Ìfọ́n wá béèrè Tọ̀yìbátù, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa yìn ín. Ẹ ro gbogbo ohun àrà tó wà lára rẹ̀ láti kékeré, ẹ má fi ọ̀kan pamọ́." Ìyá Àgbà ní, "Ẹ fi ìyẹn sílẹ̀ fún mi." Tọ̀yìbátù dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Lọ́jọ́ kejì, èmi àti òun gun ọ̀kadà kan, ó di Ìfọ́n, kí àwa náà lọ wá ẹ̀jẹ̀ tó dákẹ́ ní ìdílé ọkọ.

Ìdajì ọ̀nà la dé tí ọ̀kadà mìíràn ń bọ̀ láti Ìfọ́n. Àwọn ọlọ́kadà méjèèjì mọ ara wọn, wọ́n dúró láti sọ̀rọ̀ epo bẹntiróò tó wọ́n. Ta ló wà lẹ́yìn ọ̀kadà kejì? Ìyá Irewọlé! Àna kì í sì í rí àna kó jókòó sórí ọ̀kadà. Kíá, àwọn méjèèjì ti sọ̀ kalẹ̀, wọ́n ti wà lórí ìkúnlẹ̀ lójú títì.

"Ẹ kú ìrìn o, àna mi àtàtà."

"Ẹ kú ìrìn o, ìyá ìyàwó wa. Ilé ńkọ́?"

"A dúpẹ́. Ọjà ńkọ́?"

"A dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Ibo lẹ dorí kọ?"

"Mo fẹ́ lọ kí aláìsàn kan ní Ìfọ́n ni. Ẹ̀yin ńkọ́?"

"Aṣọ ni mo fẹ́ rà ní Ìlọ́bù."

"Ẹ kú ìnáwó o."

"Ọlọ́run á fún aláìsàn lálàáfíà o."

Irọ́ méjì ti kúnlẹ̀ fún ara wọn! Èwo nínú wọn ló máa kọ́kọ́ dìde? Ẹni tó bá kọ́kọ́ dìde lẹ́ni tí kò mọ iyì àna. Títì gbóná bí agbada, wọ́n ń kí ara wọn lọ, wọ́n ti kí ilé, wọ́n ti kí oko, wọ́n ti dórí adìyẹ. Ọlọ́kọ̀ akóyanrìn kan ló gbà wá. Ó fọn fèrè, ó bú wa, ó ní bí a bá fẹ́ kírun, kí a lọ sí mọ́ṣáláṣí. Àwọn méjèèjì dìde lẹ́ẹ̀kan náà.

Ní Ìfọ́n, ibi gbogbo tí a yà sí, ìyìn ni wọ́n bù fún wa. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ sú mi. Ṣùgbọ́n orúkọ kan ò kúrò lẹ́nu wọn: Kọ́ládé, àbúrò bàbá Irewọlé; bàbá yẹn ti kú, ṣùgbọ́n Kọ́ládé ṣì wà nínú agbo ilé wọn. "Kọ́ládé ọ̀gá àgbẹ̀! Ẹ ò tíì rí ebè rẹ̀? Bí ẹni pé okùn ló fi wọ̀n ọ́n." Obìnrin kejì ní, "Kì í bá ẹnikẹ́ni jà, torí kì í bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀." Ẹlòmíràn ní inú abà rẹ̀, isu ńlá wà pẹ̀lú ńlá, kékeré pẹ̀lú kékeré, bí o bá mú ẹyọ kan láàárín tí o sì fi òmíràn dí i, Kọ́ládé á mọ̀. Abọ́ kan náà ló fi ń jẹun láti ìgbà èwe, bí wọ́n bá yá èèyàn lábọ́ yẹn, á fi ebi sùn. Bí wọ́n ṣe ń yìn ín ni Tọ̀yìbátù ń di ọwọ́ mi mú, òun tí kì í fọwọ́ kan èèyàn. "Mo ti rí i," ó ní. "Ìní gan-an nìyẹn, irùngbọ̀n ló fi jù ú." Inú rẹ̀ dùn títí a fi délé. Inú tèmi náà dùn, mi ò ní purọ́.

Ọjọ́ Àìkú pé. Pálọ̀ Bàbá Ògúnjọbí, olórí ẹbí wọn, la kóra jọ sí. Baba arúgbó ni, eyín ò pọ̀ lẹ́nu rẹ̀ mọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀fẹ̀ kún inú rẹ̀. Kọ́ládé jókòó sí kọ̀rọ̀, ó kọjú sí fèrèsé, ó kẹ̀yìn sí gbogbo wa. Ìní wà nílẹ̀, ó ń to ìdérí rẹ̀, bí ẹsẹ̀ ẹni tó ń wọlé bá sì kan ìlà náà, á fi igbe ta. Ọmọ́wùnmí jókòó sí ẹnu ọ̀nà, ó fọwọ́ lé ikùn.

Bàbá Ògúnjọbí ní, "Mọ́ládùn, ìwọ lo pe ìpàdé. Kí lo rí ní Ìlọ́bù?"

"Aṣọ lẹ ní ẹ fẹ́ rà," Tọ̀yìbátù sọ.

"Aláìsàn lẹ̀yin náà ní ẹ fẹ́ kí."

Ìyá Irewọlé wá dìde. Ó ní, "Ẹ̀yin èèyàn mi, mo dé Ìlọ́bù, kò sẹ́ni tó bú àna mi. Ìyìn ni wọ́n dà sí mi lórí. Onígi ìdáná ní kò ṣi abọ́ ata gbé rí láyé. Ìyàwó lémọ́ọ̀mù ní bí ẹ bá sún abọ́ kan ṣoṣo nínú ìlà rẹ̀, ara rẹ̀ ò ní balẹ̀ títí á fi tún un tò. Ìyá arúgbó kan ní agbo ilé wọn wá mú mi jókòó. Ó ní ọmọ àrà ni Tọ̀yìbátù. Ó ní kò fọhùn rárá, gbogbo ilé ti gbà pé odi ni, títí ó fi tó ọmọ tó ń lọ sílé kéú. Òkúta wẹ́wẹ́ ló máa ń tò sẹ́yìnkùlé. Bí wọ́n bá ń gúnyán, abẹ́ ibùsùn ló ń sá lọ, tòun ti ọwọ́ létí. Ó ní ọjọ́ tí yóò kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ láyé, odindi gbólóhùn ló sọ. Ó ní, 'Abọ́ yẹn kọ́ ló yẹ kó wà níbẹ̀.'"

Gbogbo ojú yí sí Ìní nílẹ̀, wọ́n tún yí padà sí Tọ̀yìbátù. Orí mi wú. A jọ dàgbà, mo rí gbogbo nǹkan wọ̀nyẹn, n kò rò ó pọ̀ rí. Bí Tọ̀yìbátù ṣe rí nìyẹn ni mo kàn mọ̀. Ẹ wá wo ìyà: èmi àti òun la fẹsẹ̀ ara wa rìn lọ bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n má fi ọ̀kan pamọ́!

"Ẹ ti gbọ́ o," Ìyá Irewọlé ní. "Ìlọ́bù ló ti wá."

Ìní ni Tọ̀yìbátù ń wò. Mo fi ìgbọ̀nwọ́ gún un nínú ìhà: "Sọ ti Kọ́ládé! Sọ ti Kọ́ládé!" Ó sọ ọ́, ṣùgbọ́n bí ẹni tí ọkàn rẹ̀ ò sí níbẹ̀ ló ṣe sọ ọ́: ebè, abà, isu, abọ́ ìjẹun. Kó tó parí, ẹ̀rín ti ń gbọn Bàbá Ògúnjọbí lórí àga.

"Mọ́ládùn," Baba ní, "bí a bá lé ìyàwó wa lọ torí ẹ̀jẹ̀, Kọ́ládé ńkọ́? Ibo la máa lé òun lọ? Isu ta lo sì rò pé à ń jẹ nínú ilé yìí?"

Kọ́ládé fọhùn láti ojú fèrèsé, kò tilẹ̀ yíjú. "Ẹnì kan mú isu kan láàárín. Ó fi èyí tó kéré dí i."

Ẹ̀rín bú jáde, àfi Baba nìkan ni ẹ̀rín tirẹ̀ dúró lójijì, ó ń wo òrùlé. A tún rẹ́rìn-ín sí ìyẹn.

Ọmọ́wùnmí ò rẹ́rìn-ín. Ó dìde. "Ẹ̀yin ìyá mi méjèèjì, dókítà ò pa ọ̀rọ̀ kankan mọ́. Ó ní díẹ̀ láti ọ̀dọ̀ bàbá, díẹ̀ láti ọ̀dọ̀ ìyá. Ìdajì ìdajì lẹ gbé wálé. Èyí tó wà nínú mi yìí, ó lè jọ Ìní, ó lè má jọ ọ́. Dókítà ní ó ṣeé ṣe fún tiwa ju ti ẹlòmíràn lọ. Bó bá jọ ọ́ ńkọ́? Ẹ sọ fún mi báyìí, kí n mọ ibi tí mo máa bí i sí."

Irewọlé dìde. Ó pẹ́ kó tó dìde, n kò sì tíì dárí ìyẹn jì í, ṣùgbọ́n ó dìde. Ó lọ dúró ti ìyàwó rẹ̀. "Bó bá jọ ọ́," ó ní, "ọmọ mi ni. Ilé mi ló máa bí i sí."

Gbogbo wa ń retí kí Ìyá Irewọlé bú u. Kò bú u. Ó jókòó, gbogbo ariwo ẹnu rẹ̀ ti tán, omi ti ń bọ́ lójú rẹ̀. "Ṣé ẹ rò pé mo kórìíra ọmọ yìí ni? Àwọn ẹgbẹ́ mi, bí wọ́n bá dé láti ọjà, ọmọ-ọmọ wọn á sáré jáde, á máa pè wọ́n. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí Ìní, kò pè mí rí. Lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo pàápàá, rárá. Kò mọ̀ mí."

"Ó mọ̀ yín," Tọ̀yìbátù sọ.

Kò gbójú sókè. Ọwọ́ rẹ̀ ló ń wò. "N kò pe ìyá mi náà. Wọ́n ní mi ò mọ̀ ọ́n. Mo mọ̀ ọ́n. Bó bá ṣì wà ní ìta gbangba, mo ti mọ ìró ẹsẹ̀ rẹ̀. Mo mọ òórùn ìró rẹ̀. Ọ̀rọ̀ wà nínú mi, kò kàn rọ́nà jáde ni. Ìyá mi ti kú kó tó rọ́nà jáde. Ó kú, ó rò pé mi ò mọ òun." Ó nawọ́ sí ìlà ìdérí tó wà nílẹ̀. "Gbogbo ẹni tó tẹ ìlà Ìní lónìí ló pariwo lé lórí. Èmi náà tẹ̀ ẹ́, ó pariwo. Ẹ̀yin nìkan lẹ tẹ̀ ẹ́ tó dákẹ́, tó kàn tún un tò. Ó mọ̀ yín, àna mi. Ẹ má kú kẹ́ ẹ tó mọ̀ bẹ́ẹ̀."

Èmi tí mò ń fẹnu ṣe bẹbẹ yìí, etí ìró mi ni mo fi nu ojú. Ìyá Irewọlé wo ọmọ náà títí, Ìní ò wò ó. Lẹ́yìn náà ó nu imú, ó tún ìró rẹ̀ ró, ó yíjú sí Ọmọ́wùnmí, ohùn rẹ̀ sì ti padà bọ̀ sípò, èyí tí wọ́n ń gbọ́ ní Ìlọ́bù.

"Ìwọ ìyàwó ilé yìí, kí lo dúró síbẹ̀ ń wò? Àna wa ti wà níbí láti àárọ̀, kò tíì fẹnu kan omi. Ṣé bí a ṣe ń ṣe àlejò nílé wa nìyẹn?"

Ọmọ́wùnmí nu ojú rẹ̀, ó ní, "Ẹ má bínú, mà," ó sì wọ ilé ìdáná lọ.